Ẹ̀bùn Kérésìmesì fún Ẹ̀rọ Kọfí Akọ̀wé

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó ka èyí, kí ẹ̀rín má baà gbé òkèlè há yín lọ́fun. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ti ń bí yín tẹ́lẹ̀ sí àwọn tó ń fi ipò ìlú ṣe ara wọn lóge, ẹ kúkú fa àga mọ́ra. Tiyín nìyí.

Ọdún tí a gba òmìnira ni. Ìlú náà ń jẹ́ Ìdí-Orógbó, ìlú kékeré kan tí ẹ ó bá pàdé bí ẹ bá ti kọjá Lalupon tí ẹ kò tètè yà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, wọ́n ń gbin kòkó, wọ́n sì ní igi kọfí díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn oko, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun. Àwọn fúnra wọn kì í mu ún. Ìlú yìí ni Josiah Ọláníyì ti jẹ́ akọ̀wé káńsù.

Akọ̀wé lásán ni ìjọba pè é. Pátákó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kò gbọ́ ìyẹn. Ohun tó wà lára pátákó náà ni: Josiah Ọláníyì, Akọ̀wé Àgbà, Alákòóso Gbogbo Ọ̀ràn, Ẹni Tó Ti Dé Lọ́ńdọ̀nù. Káfíńtà ní láti kan pátákó mìíràn mọ́ ọn nídìí kí Lọ́ńdọ̀nù tó ríbi dúró sí.

Òótọ́ ni pé ó dé ibẹ̀. Wọ́n rán an lọ kọ́ iṣẹ́ káńsù, bí a ṣe ń tún ọ̀nà ṣe, bí a ṣe ń gbé omi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú. Ohun tó kọ́ nínú ìyẹn kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí òtútù lé e wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ítálì kan, ó rí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń dún ṣìì, tó ń kán kọfí dúdú sínú ife tí kò ju èyí tí a fi ń rọ àgbo fún ọmọ jòjòló lọ. Àwọn òyìnbó dúró yí ẹ̀rọ náà ká, wọ́n ń mu kọfí rẹ̀ pẹ̀lú ojú líle bí ẹni tó ń dá ẹjọ́. Josiah wò wọ́n títí, ó sì rí i kedere pé ohun tó ya ẹni tó ń ṣàkóso sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a ń ṣàkóso nìyẹn. Kì í ṣe ìwé, kì í ṣe òye. Kọfí ni.

Ó gbé irú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń lò nínú ilé bọ̀ wá sílé, kékeré kan báyìí, tó rí bí ìkòkò méjì tó gun ara wọn lórí, tí wọ́n sì fún ní ìbàdí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gba omi, ìbàdí rẹ̀ ń gba kọfí lílọ̀. Bí iná bá ti mú un, omi á máa gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé, á máa kùn, á sì tú jáde lókè ní dúdú kirikiri pẹ̀lú ìfófòó díẹ̀ lójú rẹ̀. Ìfófòó yẹn ni Josiah kà sí ọ̀làjú. Bí ó bá wà, inú rẹ̀ á dùn títí di alẹ́. Bí kò bá sí, ẹni tó bá mú ìwé wá kí ó fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà máa jẹ̀bi.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. A ò tíì dé ibẹ̀.

Láràárọ̀, tí oòrùn bá ti gun díẹ̀, gbogbo iṣẹ́ káńsù á dúró. Ẹni tó wá gba ìwé ilẹ̀ á dúró. Ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ á dúró, ewúrẹ́ á sì máa lọ. Josiah á wọ kóòtù, á so táì olórí labalábá mọ́ ọrùn, á jókòó síwájú sítóòfù bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mùnírù, akọ̀wé kékeré tó ń gba owó orí, ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti tọ́ kọfí náà wò àti láti yìn ín. Mùnírù kò lè gbé kọfí náà mì. Horo ṣúgà ló máa ń fi sábẹ́ ahọ́n kí ó tó dé, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń mu ohun kíkorò láìfajúro.

“Ọ̀gá,” ni yóò wí, “tòní tún ju tàná lọ. Bí mo ṣe gbé e mì báyìí ni gbogbo òfin ìjọba ìbílẹ̀ yé mi.”

“Yóò yé ọ, Mùnírù,” ni Josiah á dáhùn. “Yóò máa yé ọ díẹ̀díẹ̀.”

Lọ́jọ́ kan, ìfófòó kò gbé ojú sókè, Josiah sì gbọ́ pé ẹnì kan ń gún iyán nítòsí. Ó ro ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ọkùnrin tó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì rí i pé ìró odó ló ń mi ilẹ̀, tí ilẹ̀ ń mi sítóòfù, tí sítóòfù ń mi ìfófòó wálẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Mùnírù gbé agogo káàkiri ìlú pé káńsù ti fòfin de gígún iyán títí Akọ̀wé Àgbà á fi mu kọfí tán. Kì í sì í mu ún tán kí oòrùn tó yẹ̀, iyán ọ̀sán Ìdí-Orógbó wá di ohun tí wọ́n ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà kùn, wọ́n sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe wọn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n gbà kí ó pàṣẹ fún odó, kí ni wọ́n rò pé ó kù tí kò ní pàṣẹ fún?

Omi ló kù.

Kànga kan ṣoṣo ni Ìdí-Orógbó ní tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Káńsù kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ọ̀wẹ̀ gbẹ́ ẹ, ọkùnrin ń gbẹ́, obìnrin ń ru iyẹ̀pẹ̀. Àmọ̀pé, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe gàrí ní ìlú náà, fi oyún inú ru tirẹ̀. Káńsù kàn wá dé e ní ìdérí onírin lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, wọ́n sì kọ orúkọ káńsù sí ìdérí náà.

Omi odò ni Josiah ń lò fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí yanrìn dí ihò rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà kùn títí tí kò tu nǹkan kan jáde. Ó tú u, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fun fèrè, ojú rẹ̀ pọ́n. Lọ́sẹ̀ náà ni àgádágodo wọ ẹnu ìdérí kànga. Omi kànga di ti ẹ̀rọ kọfí nìkan, kí ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn má baà da ìdọ̀tí sí i. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kò gbé ọ́fíìsì, kò gbé ilé. Josiah so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n aago àpò rẹ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ síbi àyà bí àmì-ẹ̀yẹ.

Ọyẹ́ dé, odò gbẹ. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni ọ̀gọ̀dọ̀ omi pupa tí màálù ń mu. Inú rẹ̀ làwọn obìnrin ti wá ń fọ ẹ̀gẹ́, bí wọ́n sì ṣe fọ̀ ọ́ tó, gàrí tó jáde láti inú agbada pupa rúsúrúsú, yanrìn ń dún lábẹ́ eyín. Àwọn alájàpá tó ń wá láti Ìbàdàn bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì dà á padà. Wọ́n ní àwọn á padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn Kérésìmesì. Bí gàrí kò bá funfun nígbà náà, Lalupon ni àwọn á máa ná, wọn kò sì ní yà sí Ìdí-Orógbó mọ́. Kò sí ohun mìíràn tí ìlú náà fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Àmọ̀pé lọ bá Josiah, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Modinat. Àmọ̀pé ló máa ń fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ti Modinat kò rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ̀pé kúnlẹ̀, ó ní kí Akọ̀wé jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa fa omi láàárọ̀ kùtù nìkan, àwọn á fọ ọwọ́ kí àwọn tó mú okùn.

Josiah gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. “Ìyá,” ó ní, “ẹ̀yin ń sọ ti gàrí, èmi ń sọ ti orílẹ̀-èdè. Òmìnira tí a gbà yìí, gbogbo ayé ló ń wò wá. Bí aṣojú ìjọba bá dé ọ̀dọ̀ mi lónìí, tí mo gbé kọfí fún un, tí yanrìn wá wà nídìí rẹ̀, ta ni ojú máa tì? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí Nàìjíríà?”

“Nàìjíríà ni, Akọ̀wé,” ni Modinat wí. “Àwa ti ń mu yanrìn náà láti ọjọ́ yìí, ojú ò tì wá. Inú ló ń run wá.”

Josiah ní kí wọ́n mú un jáde. Ó tún sọ fún Mùnírù lẹ́yìn náà pé wàhálà àwọn aláìmọ̀wé ni pé wọn kì í mọ ìgbà tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá.

Ọmọ́wùnmí, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi, omi pupa náà lòun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ń wẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ kò gbà kí omi kànga kan ohunkóhun tí kò lè ṣe ìfófòó. Ó bá a sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

“Bàbá Yínká, ọmọ mẹ́ta ni kò wá sí kíláàsì mi lónìí. Odò jíjìn ni ìyá wọn rán wọn lọ.”

“Màmá Yínká,” ni Josiah wí, “ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé lọ sí Sẹkitéríàtì n’Íbàdàn?”

Obìnrin náà kó àwo rẹ̀ ó dìde. Bí a bá ti bi èèyàn nípa omi, tí ó fi ìgbéga dáhùn, kí ló tún kù láti sọ?

Òótọ́ sì ni pé wọ́n ń wá ẹnì kan. Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn káńsù wò, ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, Josiah sì ti gbọ́ pé ẹni tí àwọn ará ìlú bá fẹ́ràn jù lọ ni yóò mú. Ó ronú bí yóò ṣe fi ìfẹ́ náà hàn. Lójú tirẹ̀, ìfẹ́ tí a kò lè gbé lé tábìlì kì í ṣe ìfẹ́. Nítorí náà ó pe ìpàdé, ó sì kéde fún gbogbo ìlú ohun tí ó fẹ́ gbà ní ẹ̀bùn Kérésìmesì.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “mo mọ̀ pé ọkàn yín ti ń gbóná láti fún mi ní nǹkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé adìyẹ wá. Adìyẹ kì í ṣe ẹran ọ̀làjú. Ẹ má gbé iṣu wá, ẹ má gbé ìrẹsì wá. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rọ mi ni kí ó nífẹ̀ẹ́. Ó ń fẹ́ ife kéékèèké tó ní ọwọ́. Ó ń fẹ́ ọlọ onírin tí a ń fi ọwọ́ yí. Ó ń fẹ́ èédú tí kì í rú èéfín. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lè hun fìlà fún un, aláwọ̀ ewé àti funfun, kí eruku ọyẹ́ má baà kàn án lórí. Ẹni tí kò bá sì ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kí ó bu kọfí oko rẹ̀ wá. N kò ní kọ̀ ọ́.”

Mùnírù pàtẹ́wọ́. Ó wo àwọn tó kù, àwọn náà pàtẹ́wọ́.

Ó yẹ kí Josiah jókòó níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n a jókòó bí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti dé orí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ ọdún fún yín, ìbáà ṣe ìrẹsì Kérésìmesì tàbí ẹran Iléyá, ẹ kò ní dá abọ́ náà padà lófìfo. Ẹ ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, tàbí ìṣáná, tàbí obì kan. Ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣáná lọ yìí ni Josiah gbé sókè tó fi di ọ̀rọ̀ ìjọba.

“Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo jẹ́ ẹni tó ń gbà láìfúnni,” ó ní. “Abọ́ kankan kò ní padà lófìfo láti ọ̀dọ̀ Josiah Ọláníyì. Ohunkóhun tí ẹni tó gbé e wá bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, òun ni n óò fi kún abọ́ rẹ̀ dé etí. Níwájú ọ̀gá láti Ìbàdàn ni n óò sì ti ṣe é.”

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Modinat fi ìgbọ̀nwọ́ gún Àmọ̀pé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ̀pé kò yíjú. Ó bi í pé mélòó ni garawa tó wà nílé rẹ̀.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì pé. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ta àgọ́ síwájú gbọ̀ngàn káńsù. Ẹ̀rọ kọfí wà lórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, fìlà aláwọ̀ ewé àti funfun wà lórí rẹ̀. Josiah wọ kóòtù dúdú nínú ọyẹ́ tó ń la ètè, ẹ̀wọ̀n aago rẹ̀ sì wọ inú àpò àyà lọ wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ náà nìkan ló rántí pé kò yẹ kí àlejò máa rí kọ́kọ́rọ́, ó sì tì í wọlé pẹ̀lú aago.

Mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí dé pẹ̀lú eruku. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, irun ojú rẹ̀ pọ́n fún eruku. Ó kí gbogbo èèyàn kú ọdún, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni omi mímu.

“Omi kẹ̀, sà,” ni Josiah wí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé béèrè nǹkan kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. “Ohun tó ju omi lọ ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ló bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ará Róòmù ti ń ṣe ọ̀nà, ó gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ó dúró níbẹ̀ pẹ́, kí ó tó forí lé Ìdí-Orógbó. Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí gbé itọ́ mì. Ó tún rọra béèrè omi lọ́wọ́ Mùnírù. Mùnírù wo Josiah, Josiah sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tó dé ibi tó ti ń sọ bí àwọn ará ìlú ṣe fẹ́ràn òun tó, ìlà àwọn obìnrin yọ lójú ọ̀nà. Àmọ̀pé ló ṣíwájú. Modinat ló gbẹ̀yìn. Láàárín wọn, gbogbo obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Ìdí-Orógbó ń bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí ẹni tó ru abọ́. Garawa ni wọ́n rù, àwọn mìíràn ru agbada, àwọn mìíràn ru páànù ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ méjì pọ̀.

Josiah rí wọn, ó dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Ó ti rò pé wọn á mú ife kan tàbí méjì wá. Garawa, garawa kọfí ni wọ́n ń rù bọ̀ wá fún un yìí. Ó rí ara rẹ̀ ní Sẹkitéríàtì. Ó rí àga tí yóò jókòó lé.

“Gbogbo èyí,” ni Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí béèrè, “kọfí ni?”

“Ìfẹ́ ni, sà,” ni Josiah wí. “Ìfẹ́ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá má rò pé èmi nìkan ni mò ń jẹ níbẹ̀.” Ó kọjú sí àwọn obìnrin náà, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Mo ti ṣèlérí, mo sì tún un ṣe níwájú ọ̀gá. Ẹ béèrè. Ohun tí ẹ bá béèrè ni ẹ ó gbé padà sílé.”

Àmọ̀pé sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá fà á tẹ̀ kí Akọ̀wé lè rí inú rẹ̀. Kọfí ẹ̀kúnwọ́ kan dún wàràwàrà nísàlẹ̀.

“Ẹ kú ọdún o, Akọ̀wé,” ó ní. “Kọfí yín rèé, ẹ kó o. Omi ni mo fẹ́ nínú garawa mi.”

Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, èkejì kúnlẹ̀. “Omi, Akọ̀wé.” Ẹ̀kẹta kúnlẹ̀. “Èmi náà, omi.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ títí ó fi kan Modinat, ó gbé páànù ńlá kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ojú ayé.

“Omi ni tèmi,” ó ní. “Ẹ má fi ṣúgà sí i.”

Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ jókòó dáadáa. “Omi,” ó tún un sọ. “Ṣé omi wà ní ìlú yìí?”

Àmọ̀pé ní ó wà, sà, kànga kan wà tí àwọn gbẹ́. Wọ́n tì í. Omi màálù ni àwọn fi ń ṣe gàrí, àwọn alájàpá sì ń bọ̀ lọ́tunla. Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tí ojú ọ̀nà gbà.

“Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, kọ́kọ́rọ́ dà?”

Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ì bá sọ pé ó wà lọ́wọ́ òun, kí ó ṣí kànga náà, kí ó sì gba ìyìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin náà ì bá tún kí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì sọ pé òun ṣàṣìṣe rí, ahọ́n rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

“Ìbàdàn ni kọ́kọ́rọ́ wà, sà,” ni Josiah wí. “Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irin níbẹ̀, kí wọ́n fi òróró sí i. Títì tí mo tì í, ìlera àwọn ará ìlú ni mo rò.”

Kí ọ̀gá má baà tún béèrè nǹkan mìíràn, ó yára ṣí fìlà kúrò lórí ẹ̀rọ, ó gbé e ka sítóòfù, ó ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́sẹ̀, nítorí ìfófòó ń bọ̀. Ó yí sí Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí, ó sì ń ṣàlàyé. Bí kọfí bá fi díẹ̀ pẹ́ jù lórí iná, ó bàjẹ́. Bí ó bá fi díẹ̀ yá jù, kò tíì jinná. Àwọn ará Ítálì kì í fojú díwọ̀n rẹ̀ rárá. Aago ni wọ́n ń lò.

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ló ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó sì fa aago rẹ̀ yọ níwájú gbogbo ìlú.

Kọ́kọ́rọ́ tẹ̀lé e jáde. Ó rọ̀ sórí ẹ̀wọ̀n, ó ń mì síwá sẹ́yìn nínú oòrùn, ó ń dán.

Josiah ń wo aago, kò mọ̀. Ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé àyà òun ni gbogbo èèyàn ń wò.

“Kọ́kọ́rọ́ kí nìyẹn?” ni Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí béèrè.

Josiah wò ó bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo èdè ńlá tó mọ̀ sá fún un.

“Ọ̀ṣọ́ ni, sà,” ó ní.

“Ó mà yẹ yín o, Akọ̀wé,” ni Modinat wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó bóyá ó máa yẹ kànga náà.”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ́. Àwọn àgbà tí wọ́n ń jẹ iyán ọ̀sán ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n rín jù. Ọmọ́wùnmí jókòó láàárín àwọn olùkọ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì dìde láti gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo wọn rọ́ lọ sí ìdí kànga. Kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó yí láìdún. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó dún, Josiah ń ṣí i lójoojúmọ́. Àmọ̀pé fa omi àkọ́kọ́, ó bù ú fún àlejò nínú igbá. Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí mu ún, ó gba igbá kejì, ó mu ìyẹn náà, ó fi ìyókù bọ́ eruku ojú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

“Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì,” ó ní, “ẹ ṣèlérí níwájú mi. Ẹ má jẹ́ kí n pẹ́.”

Josiah wo Mùnírù. Mùnírù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí, ó ti gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ fún un pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti ń kìlọ̀, sà, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun kì í gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Akọ̀wé Àgbà, Alákòóso Gbogbo Ọ̀ràn, bọ́ kóòtù, ó di okùn kànga mú. Kò mọ̀ ọ́n fà. Àmọ̀pé fi bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ hàn án, nítorí àánú rẹ̀ ṣe é díẹ̀. Ó fa garawa kan, ó fa èkejì, táì olórí labalábá yí sẹ́yìn ọrùn. Nígbà tó fi dé orí páànù Modinat, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Páànù náà kò sì kún bọ̀rọ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró, Modinat á tẹ̀ba wo inú rẹ̀, á ní, “Dé etí lẹ wí.”

Lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀rọ kọfí. Ó kùn, ó tu ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sórí aṣọ funfun, omi tán nínú rẹ̀, iná sì ń jó o lọ. Òórùn rẹ̀ ló ta wọ́n lólobó. Nígbà tí wọ́n fi dé ibẹ̀, ìdí rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Nínú oṣù tó tẹ̀lé e ni ìwé ìṣípòpadà Josiah dé. Kì í ṣe Sẹkitéríàtì. Wọ́n ní kí ó lọ máa ṣe igbákejì akọ̀wé ní ìlú kan tí omi yí ká, ibi tí èèyàn kò ti lè ti omi mọ́lé bó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó. Pátákó ẹnu ọ̀nà kò lè wọ ọkọ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Káfíńtà gba èyí tó kàn mọ́ ọn nídìí padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹrù wọn gbóná lójú ọ̀nà, ó kú. Ọyẹ́ ti fa omi rédíétọ̀ rẹ̀ gbẹ. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ ó ń béèrè omi. Wọ́n dúró síwájú ahéré àwọn tó ń ṣe gàrí, níbi tí àwọn alájàpá Ìbàdàn ti ń di gàrí funfun sínú àpò. Àmọ̀pé ru garawa omi wá, dẹ́rẹ́bà dà á sínú ọkọ̀, ọkọ̀ dún. Ó ku kí wọ́n dá garawa padà.

Josiah jókòó níwájú, ó gbé ẹ̀rọ kọfí rẹ̀ lé itan, fìlà ṣì wà lórí rẹ̀. Ó gba garawa náà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, ó nà án jáde sí Àmọ̀pé láìwo ojú rẹ̀.

“Bàbá Yínká,” ni Ọmọ́wùnmí wí láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, “òfìfo ni.”

Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ kọfí kúrò lórí itan ọkọ rẹ̀, ó rọra sọ ọ́ sínú garawa. Josiah la ẹnu. Ó wo àwọn obìnrin tó dúró, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Dẹ́rẹ́bà tẹ iná, wọ́n lọ.

Àmọ̀pé ya ẹ̀rọ náà sí méjì. Fìlà rẹ̀ bá ọmọ Modinat lórí mu. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà létí kànga títí di bí a ti ń wí yìí, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó, ẹni tó bá fẹ́ wọ ahéré gàrí á fi bu omi fọ ọwọ́. Àmọ̀pé ní omi tó ń gbà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé, kò tíì fi omi du ẹnikẹ́ni.